Wọ́n Ni Mo Pè É

Nígbà tí mo ń kúrò ní Kétu, àwọn ará ilé mi sunkún bí ẹni pé òkun ni mo fẹ́ sọdá. Ibi tí mò ń lọ kò kúkú jìnnà. Bí èèyàn bá jí ní kùtùkùtù, tí ọkọ̀ kò sì bàjẹ́ lọ́nà, yóò jẹun ọ̀sán ní Àgbádárìgì. Àmọ́ ẹnubodè wà láàárín, ẹnubodè ló sì ń sọ ibi tó wà nítòsí di ìdálẹ̀. Ìyá mi di èlùbọ́ fún mi bí ẹni pé wọn kì í jẹun ní Nàìjíríà. Wọ́n ní kí n máa bọ̀wọ̀ fún àgbà níbikíbi tí mo bá dé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ilé burúkú ni mo ti jáde. Ìmọ̀ràn yẹn ló padà kó mi sí wàhálà, ṣùgbọ́n n kò dá wọn lẹ́bi.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé n kò mọ ẹni tí mo jẹ́ mọ́. Yorùbá ni wá ní Kétu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàgó ni ìjọba ń pè wá nínú ìwé. Mo dé Àgbádárìgì, mo la ẹnu, àwọn Yorùbá ibẹ̀ ní, "Ará Kùtọnu lèyí." Àwọn Ègùn tí wọ́n ni ìlú ní Ànàgó ni mí. Ọkùnrin kan tó wá láti Ọ̀yọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, yìn mí pé mo gbọ́ Yorùbá dáadáa fún àjèjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni n bá tún ṣe?

Ọ̀dọ̀ Ìyá Sẹ̀nàmì ni mo ti rí iṣẹ́. Ègùn ni wọ́n, ará Àpá, wọ́n sì ń ṣe epo àgbọn tà. Obìnrin mẹ́fà ni wá nínú àgbàlá wọn. À ń fọ́ àgbọn, à ń rin ín, à ń fún un, à ń gbé omi rẹ̀ ka iná títí epo yóò fi léfòó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìka mi bó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó jinná. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún bó, Rísíkátù tó jókòó tì mí sì kí mi kú oríire pé mo ti di òṣìṣẹ́.

Ìyá Sẹ̀nàmì kì í fi "ẹ̀yin" bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ègùn ni wọ́n fi la ẹnu, Yorùbá tí wọ́n fi kún un kò sì ní àyè fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìmáàmù wá ra epo, wọ́n ní, "Ìwọ, jókòó." Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá, wọ́n ní, "Ìwọ, kí lo fẹ́?" Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ ni ara mi máa ń bù máṣọ. Mo rò nínú ara mi pé obìnrin yìí kò rí ẹni kọ́ ọ.

Ọjọ́ kan ni mo pe ilé. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo tò láti àárọ̀ di ọ̀sán. Akọ̀wé tó ń so fóònù ṣàlàyé fún mi pé ìpè mi yóò kọ́kọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, yóò kọjá sí Páríìsì, kó tó yí padà wá sí Kétu. Mo ní ṣé kò lè gba etí ọ̀sà ni. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìpè náà wọlé, ìyá mi pariwo bí ẹni pé àwọn gan-an wà ní Páríìsì.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá mi."

"Ṣé ò ń bọ̀wọ̀ fún wọn?"

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn."

Ó gé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ibẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo sì padà sídìí àgbọn mi.

Ayé àwọn ṣọ́jà ni à ń wí yìí. Ṣúgà ti di ohun tí wọ́n ń ta ní horo-horo. Tíṣà tó gba yàrá kan nínú àgbàlá wa, ará Èkìtì, kò rí owó oṣù gbà fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè fi àárọ̀ wọn ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ẹnubodè. Wọn kò sọ ìdí. Èlùbọ́ kejì tí ìyá mi fi ránṣẹ́ bọ́ sí àkókò náà. Mo lọ síbẹ̀ láti lọ bẹ̀bẹ̀, ìṣojú mi sì ni ọ̀gá àwọn ṣọ́jà ibẹ̀ fi ọ̀pá kékeré ọwọ́ wọn tọ́ka sí àpò náà, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn gbé e sínú ọkọ̀ àwọn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," mo sì yí padà. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Rédíò kan wà nínú àgbàlá, tí wọ́n fi okùn so mọ́ ara igi àgbọn. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, a óò sá a sórí páànù, oòrùn yóò jí i. Rédíò ìjọba ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé gbogbo nǹkan ti ń dára. À ń gbọ́ ọ, à ń fọ́ àgbọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Rísíkátù yí i títí ó fi bọ́ sórí ìkànnì kan láti Àjàṣẹ́, ní òdìkejì ẹnubodè. Ọkùnrin kan ń pariwo ní Faransé, àwọn èèyàn ń pè é lórí fóònù, àwọn náà ń pariwo. Láàárín ariwo náà, a gbọ́ orúkọ olórí ìjọba Nàìjíríà, ẹ̀rín sì bú.

Rísíkátù gbójú sókè. "Kí ni wọ́n sọ?"

Kò sí ẹni tó mọ̀. Gbogbo wọn bá kọjú sí mi. Èmi nìkan ni mo ka ìwé Faransé nínú àgbàlá náà.

Mo ń gbọ́ ọ dáadáa. Èébú ni, èyí tó kún fọ́fọ́. Àmọ́ Faransé kò mọ àgbà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń tọ́ka sí ọmọ ọwọ́ àti ọba tí kò bá sí níbẹ̀. Bí mo bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà, "ó" ni n bá sọ, ahọ́n mi sì kọ̀. Ẹni tó bí ẹni tó dàgbà jù mí lọ, kí n pè é ní "ó"? Mo bá ní:

"Ọkùnrin yẹn ní olórí ìjọba yín, wọ́n jẹ́ olè. Ó ní orí wọn kò pé. Ó ní kí wọ́n gbé ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ."

Rísíkátù rẹ́rìn-ín títí àgbọn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló ń fi ọ̀wọ̀ bú èèyàn báyìí?"

Tíṣà yọ orí lójú fèrèsé. "Mo ti gbọ́ èébú rí," wọ́n ní, "n kò tíì gbọ́ èyí tó kúnlẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di èèyàn. Àwọn obìnrin sọ ọkùnrin orí rédíò náà ní Ẹlẹ́nu Abẹ, nítorí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí Ẹlẹ́nu Abẹ bá ti gbóhùn sókè ní àárọ̀, wọ́n á gbé àpótí fún mi, n kò ní jókòó sórí ẹní mọ́. Àwọn tó ń lọ sí ọjà Àgbálátà á yà wọlé, wọ́n á ní epo làwọn fẹ́ rà. Nígbà tí mo wà ní Kétu, kò sí ẹni tó dákẹ́ rí torí pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Inú mi ń dùn gan-an, n kò ní purọ́.

Ìgbà kan wà tí ẹnì kan pe rédíò náà láti bú ìyá mínísítà kan. Mo dúró, mo ní ṣé kí n sọ ọ́.

"Sọ ọ́ jàre!" Rísíkátù ní. "Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó o sọ."

Tíṣà mi orí. "Ẹni tó gbé owó oṣù mi lọ, ẹ bú u dọ̀la, mo wà lẹ́yìn yín. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Kí ni ìyá rẹ̀ gbé?"

"Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá lómìnira, ó lómìnira náà nìyẹn, Tíṣà," Rísíkátù ní. "Ṣé ẹ fẹ́ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ wọ̀n ọ́n."

Ìyá Sẹ̀nàmì ní, "Rédíò tèmi ni, ariwo tiyín ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ." Mo túmọ̀ ìdajì, mo gbé ìdajì mì. Ọ̀rọ̀ Tíṣà kò wọ̀ mí létí tó bó ṣe yẹ.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé mo ti ń fi iyọ̀ sí i. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni Ẹlẹ́nu Abẹ ń pani lẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì ló máa ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú àwọn obìnrin á sì rẹ̀wẹ̀sì. N óò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ní ọjọ́ kejì, n óò fi méjì kún un. Ta ló fẹ́ mọ̀?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, oníṣòwò kan tí ọjà rẹ̀ ń jẹrà sí ẹnubodè pe rédíò. Ó ní olè ni ọ̀gá àwọn ṣọ́jà tó wà níhà Nàìjíríà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ó ní ọ̀gá ṣọ́jà ẹnubodè, wọ́n jẹ́ olè." Mo rántí èlùbọ́ ìyá mi, ẹnu mi kò sì dúró. "Ó ní olè ẹlẹ́sẹ̀ kan-ààbọ̀ ni wọ́n."

Ọ̀gá náà ti ṣubú ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń lé àwọn onífàyàwọ́ epo bẹntiróòlù. Ẹsẹ̀ òsì wọn kò tíì lè tẹ ilẹ̀. Gbogbo àgbàlá ya sí ẹ̀rín. Rísíkátù dìde, ó tiro yí ìkòkò ká. Kí ọjà Àgbálátà tó tún ná, àwọn tí n kò mọ̀ rí ti ń pe ọ̀gá náà ní Ẹlẹ́sẹ̀ Kan-ààbọ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹ́ja kan, mo sì rìn gàgàrà kọjá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé.

Ní ọjọ́ kejì ọjà náà, mo ń fọ ìkòkò ní etí ọ̀sà. Nígbà tí mo padà, iná ti kú, okùn rédíò sì ń jù lára igi.

"Àwọn ṣọ́jà wá," Rísíkátù ní. "Wọ́n ní ta ló ni rédíò. Ìyá ní, 'Èmi ni.' Wọ́n ní kí ni rédíò náà sọ. Ìyá ní, 'Faransé.' Wọ́n bá gbé Ìyá lọ, wọ́n gbé rédíò náà lọ."

Ó kó ẹrù mi lé mi lọ́wọ́. Ó ti dì í. "Máa lọ, Ọmọ Kétu. O kò ní ìwé. Gba ojú omi."

Mo fẹ́ lọ, mo fẹ́ lọ púpọ̀. Àmọ́ Ìyá Sẹ̀nàmì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, n kò sì gbọ́ pé wọ́n dárúkọ mi fún àwọn ṣọ́jà náà. Mo gbé ẹrù náà sílẹ̀. Tíṣà ní àwọn yóò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ibùdó àwọn ṣọ́jà. Ẹnu ọ̀nà náà ni wọ́n sì sìn mí dé.

Ọ̀gá náà jókòó sídìí tábìlì, ẹsẹ̀ òsì wọn wà lórí àga kejì. Ìyá Sẹ̀nàmì jókòó sílẹ̀, wọ́n sì ń bá ọ̀gá náà wí.

"Ìwọ, ẹsẹ̀ yẹn wú. Epo àgbọn tó gbóná ni kí o fi pa á, kpẹ́dẹ́ kpẹ́dẹ́, díẹ̀díẹ̀. Kí ló dé tí o ń wọ bàtà sí i?"

Ọ̀gá náà kò gbọ́ Yorùbá. Sájẹ́ntì kan, ọmọ Ọ̀yọ́, ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Ó kọjú sí mi.

"Kí lo sọ nínú àgbàlá yẹn?"

"Ohun tí rédíò sọ ni mo sọ, sà."

"Kí ni rédíò sọ?"

Mo sọ ọ́. Sájẹ́ntì yí sí ọ̀gá rẹ̀, ó la ẹnu, ó pa á dé. Òun ló kàn báyìí láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, lójúkojú, pé olè ẹlẹ́sẹ̀ kan-ààbọ̀ ni. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ó sọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan, ọ̀gá náà sì mi orí bí ẹni tí wọ́n kí. Sájẹ́ntì tún kọjú sí mi.

"Ṣé 'ó' lo pè wọ́n, tàbí 'wọ́n'?"

"Wọ́n ni, sà."

"Àwọn èèyàn púpọ̀ nìyẹn."

"Rárá o, sà, ọ̀wọ̀ ni."

"Mo ní àwọn èèyàn púpọ̀ nìyẹn!" Ó tẹ ojú mọ́ mi. "Kì í ṣe ẹnì kan pàtó."

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ilẹ̀kùn ló ń ṣí fún mi. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo ní. "Wọ́n pọ̀."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá náà ronú, wọ́n sì béèrè nǹkan kan. Sájẹ́ntì kò fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ ó sọ ọ́.

"Ọ̀gá ní àwọn tó pọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mélòó ni wọ́n ní láàárín ara wọn?"

Mo wo ẹsẹ̀ tó wà lórí àga.

"Ọ̀gá ní kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí àwọn ṣubú. Ẹni tó jókòó sí Àjàṣẹ́, báwo ló ṣe mọ̀?"

Ìyá Sẹ̀nàmì wò mí. Wọn kò bínú, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bí èèyàn ṣe máa ń fẹ́ mọ̀.

"Olè, rédíò ló sọ ọ́," mo ní. "Ẹsẹ̀, èmi ni."

Ojú tì mí nígbà náà, ojú tì mí gan-an. Láti ìgbà tí mo ti ń túmọ̀, ọ̀rọ̀ "olè" ni mo ń bẹ̀rù, èyí tí mo fojú ara mi rí. Ẹsẹ̀ tó ń dun èèyàn kò jọ mí lójú rárá. Mo ti fi ọ̀wọ̀ bo gbogbo rẹ̀ bí ẹni bo ọbẹ̀. Ìyá Sẹ̀nàmì tí mo rò pé wọn kò rí ẹni kọ́ ló jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń wá bí ẹsẹ̀ náà yóò ṣe san. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú nítorí ẹsẹ̀ yín. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Ọlọ́run yóò fún yín ní àlàáfíà."

Sájẹ́ntì túmọ̀ èyí láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọ̀gá náà wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wò mí, wọ́n sọ̀rọ̀ kúkurú kan.

"Ọ̀gá ní, 'olè' yẹn ńkọ́?"

Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju pé rédíò parọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀.

"Ìyẹn kì í ṣe tèmi, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé èlùbọ́ ìyá mi lọ."

Sájẹ́ntì fi bírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "N kò gbọ́ ọ."

"Mo ní wọ́n gbé…"

"Mo ní n kò gbọ́ ọ!"

Ó yí padà, ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Títí di òní, n kò mọ ohun tó sọ pé mo sọ. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé kí n kúrò ní Nàìjíríà ní ọjọ́ náà gan-an, wọn yóò sì fi Ìyá Sẹ̀nàmì sílẹ̀ tó bá dọ̀la. Mo ní ṣé dájúdájú ni. Sájẹ́ntì ní, "Lọ́la." Wọ́n ń mú mi jáde, Ìyá ń ké lẹ́yìn mi ní Ègùn, n kò sì gbọ́ Ègùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnubodè tí wọ́n ti tì fún odidi oṣù méjì, wọ́n ṣí i fún èmi nìkan. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó sùn sídìí ọjà wọn dìde dúró láti wo irú ẹni ńlá tó ń kọjá.

N kò lè lọ sí Kétu láìmọ̀ bóyá wọ́n ti fi Ìyá sílẹ̀. Mo dúró ní Àjàṣẹ́, mo ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan létí ọ̀sà. Orílẹ̀-èdè mi ni, n kò nílò ìwé kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ń ṣe ló dà bíi pé ìgbà náà gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdálẹ̀. Èmi àti àgbàlá yẹn, omi kan náà ni à ń fọ abọ́ sí. Mo pe ilé ìfìwéránṣẹ́ Àgbádárìgì, kò lọ. Mo bi àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń gbé epo fàyàwọ́ wá, wọ́n ní epo làwọn ń gbé, àwọn kì í gbé ìròyìn. Mo ń béèrè lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́ síbẹ̀. Lọ́la àwọn ṣọ́jà máa ń pẹ́, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó lo fóònù, mo sì pe Ẹlẹ́nu Abẹ. Mo rò ó pé bí wọ́n bá ti fi Ìyá sílẹ̀, tí wọ́n sì ti dá rédíò padà, wọn yóò máa gbọ́. Wọ́n so mí sórí afẹ́fẹ́. Mo ní:

"Ìyá Sẹ̀nàmì, ẹ káàárọ̀ o, èmi ni o…"

Ẹlẹ́nu Abẹ gé mi. "Ní Faransé, màdámú. Faransé nìkan la ń sọ ní wákàtí yìí."

Mo ní n kò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni, mo kàn fẹ́ kí èèyàn ni.

"Bú ẹni tó bá wù ọ́, màdámú, òmìnira wà níbí. Ṣùgbọ́n ní Faransé."

Mo bá sọ ọ́ ní Faransé. Mo ní, Ìyá, mo bẹ ọ̀gá ṣọ́jà, n kò sì tíì bẹ̀ yín. Mo ní ẹnu mi ló gbé yín dé ibẹ̀, kì í ṣe rédíò yín, ẹ dárí jì mí. Mo ní bí ẹ bá wà nílé, kí ẹ fi ìròyìn ránṣẹ́, n kò lè sùn. Mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo rántí pé kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Mo parí rẹ̀ náà. Ẹlẹ́nu Abẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gba ìpè ẹlòmíràn.

Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá. Mo ń da omi abọ́ nù nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi wọ̀nyẹn, ọkùnrin Ègùn kan tó ti dàgbà, dúró lẹ́yìn mi, wọ́n sì fa ìgò epo àgbọn yọ lábẹ́ aṣọ òjò wọn.

"Ìwọ ni Ọmọ Kétu?"

Mo ní èmi ni.

"Ìyá kan, ará Àpá, ní kí n fún ọ."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ tó tutù. "Ṣé wọ́n wà nílé? Ṣé wọn kò fìyà jẹ wọ́n?"

"Ó wà nílé. Ó ń rin àgbọn nígbà tí mo rí i. Ó ní òun gbọ́ ohùn rẹ nínú rédíò. Ó ní òun jẹ́ kí gbogbo wọn dákẹ́, gbogbo wọn sì dákẹ́ títí o fi sọ̀rọ̀ tán."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ó ní òun gbọ́ 'ẹ káàárọ̀.' Ó ní kí n bi ọ́ pé lẹ́yìn ìyẹn, kí lo sọ?"